Títún Pùròpẹ́là Ọkọ̀ Ojú Omi Onírìmóòtù Ṣe Kó Lè Sá Eré Dáadáa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó ti ní ọkọ̀ ojú omi onírìmóòtù, tí ọkọ̀ náà ń sá, àmọ́ tó gbà pé ó yẹ kó sá jù báyìí lọ, ni mo kọ èyí fún. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sáré lọ ra bátìrì tó lágbára sí i tàbí ẹ́ńjìnnì tó tóbi, nígbà tí pùròpẹ́là tó wà nídìí ọkọ̀ kò tíì rí fáìlì sójú látìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́ nínú páálí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn jù ni èyí tó ń lo bátìrì, tí pùròpẹ́là rẹ̀ ń sá lójú omi, ìdajì nínú omi, ìdajì lókè omi.

Kí ló dé tí pùròpẹ́là tuntun fi nílò àtúnṣe? Ṣé wọn ò ṣe é dáadáa ni?

Wọ́n ṣe é dáadáa, wọn ò kàn ṣe é parí ni. Pùròpẹ́là tí wọ́n yọ́ irin rẹ̀ dà, títí kan èyí tí orúkọ rẹ̀ ti dún tipẹ́ bíi ti Octura ní Amẹ́ríkà, máa ń dé ọwọ́ ẹni pẹ̀lú ara tó rí ṣákiṣàki, etí tó nípọn, àti apá kan tó wúwo ju èkejì lọ. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó rà á ni yóò parí rẹ̀, torí ọkọ̀ kálukú yàtọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, gé sàn díẹ̀, àmọ́ òun náà ṣì máa ń fẹ́ kí wọ́n wọn apá rẹ̀ kó dọ́gba kó tó wọ omi.

Kí ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ń sọ?

Ìwọ̀n méjì ló ṣe pàtàkì. Èkíní ni bó ṣe fẹ̀ tó láti òpin apá kan lọ dé òdìkejì bó ṣe ń yí. Èkejì ni pitch: ibi tí pùròpẹ́là ìbá sún dé tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ká ní omi ò yẹ̀ fún un rárá, bí skúrù ṣe ń wọ igi. Ẹ mú Octura X442. 42 tó kẹ́yìn ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà. 4 tó ṣáájú ń sọ pé pitch rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.4 fífẹ̀ náà, ìyẹn 58.8 mm. X642 fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ìlọ́po 1.6 ni tiẹ̀, ó ń lọ sí 67.2 mm. Èèyàn lè fi méjèèjì sórí tábìlì kó má mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ́ńjìnnì á mọ̀ ọ́n.

Báwo ni mo ṣe máa mọ eré tó yẹ kí ọkọ̀ mi lè sá?

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì yín jẹ́ 2000 KV, ìyẹn ni pé yóò yí nígbà 2000 ní ìṣẹ́jú kan fún volt kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, tí bátìrì yín sì jẹ́ LiPo 4S, ìyẹn bátìrì lítíọ́mù oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, tó ní volt 14.8. Ẹ fi 2000 lu 14.8, ó di 29,600 ní ìṣẹ́jú kan. Bí pùròpẹ́là bá fẹ̀ ní 40 mm, tí pitch rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.4, á jẹ́ 56 mm fún yíyí kan. Ẹ lù wọ́n pọ̀: nǹkan bíi mítà 1,658 ní ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 99 ní wákàtí kan.

Orí ìwé nìyẹn o. Lójú omi, ẹrù á dín yíyí ẹ́ńjìnnì kù, omi náà á sì máa yẹ̀ lábẹ́ apá pùròpẹ́là. Tí ẹ bá yọ ìdá 20 nínú 100 fún ti ẹ́ńjìnnì, tí ẹ tún yọ ìdá 15 nínú èyí tó kù fún ti omi, bíi kìlómítà 67 ló kù. Bí ọkọ̀ yín bá ń sá 65, kò sí wàhálà. Bó bá ń sá 45, ẹ má tíì náwó sórí bátìrì, nídìí ọkọ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Ṣé kì í ṣe kí n kàn ra èyí tó tóbi díẹ̀ ló rọrùn jù?

Ohun tó ń jó ESC níná jù lọ nìyẹn, ìyẹn pátákó tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí fífẹ̀ pùròpẹ́là bá kúrò ní 40 mm sí 42 mm, tí àwòrán rẹ̀ kò yí padà, tí yíyí rẹ̀ náà ò sì dín kù, agbára tó máa gbà kò ní fi ìdá 5 nínú 100 pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí fífẹ̀ náà ṣe pọ̀ sí i. Ẹ ó kọ 1.05 sílẹ̀ nígbà márùn-ún, ẹ ó sì lu gbogbo wọn pọ̀: ó ń lọ sí 1.276. Mílímítà méjì péré, ẹrù ti lé ní ìdá mẹ́rin kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba gbogbo ohun tó wà lára èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ó dáa, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Níbi kí apá méjèèjì wọ̀n dọ́gba. Pùròpẹ́là tí apá rẹ̀ kan wúwo, tó sì ń yí ju ìgbà 25,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, á máa gbọn ọ̀pá rẹ̀, á máa jẹ ihò tí ọ̀pá ń gbà kọjá, agbára tó yẹ kó ti ọkọ̀ á sì di gbígbọ̀n àti ooru. Tí ọkọ̀ bá ń dún gbùùù nígbà tí ẹ bá tẹ rìmóòtù dópin, ẹ ti ń gbọ́ ọ nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé fáìlì, ẹ rí i pé apá méjèèjì jọra ní àwòrán. Ẹ gbé pùròpẹ́là lé gíláàsì tó tẹ́jú, ẹ fi kàlípà wọn bí orí apá kọ̀ọ̀kan ṣe ga sí gíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pẹ́ńsù fa àwòrán apá kan sórí páálí, ẹ gé e, ẹ fi páálí náà bo apá kejì. Ibi tó bá yọ síta ni ẹ máa kọ́kọ́ fá. Wíwọn apá tí kò jọra wulẹ̀ ń tan èèyàn jẹ ni, torí ìwúwo lè dọ́gba kí títì wọn má dọ́gba.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ olóòfà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ẹ ò bá ní, abẹ ìfárí méjì tó. Ẹ rì wọ́n mọ́ igi, kí etí wọn dojú kọ òkè, kí ẹ sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà yẹ̀ wọ́n wò kí ọ̀kan má ga ju ìkejì lọ. Ẹ wá ọ̀pá irin tó gún régé, tó wọ ihò pùròpẹ́là láìmì, ẹ gbé e dùbúlẹ̀ sórí abẹ méjèèjì. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù. Apá tó bá rọra wálẹ̀ ló wúwo.

Ẹ̀yìn apá náà ni kí ẹ ti fá irin kúrò, ìyẹn èyí tó kọjú sí ara ọkọ̀. Ojú tó kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń ti omi. Ibẹ̀ ni pitch wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo máa ń fi máàkì dúdú kun ẹ̀yìn apá náà láti àárín dé orí rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí dúdú bá ti kúrò ni irin ti kúrò, ojú á sì rí i bí fáìlì bá ń jẹ ibì kan ju ibì kan lọ. Ẹ fá a nígbà mẹ́ta mẹ́rin, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún fá a. Ẹ ti parí nígbà tí ẹ bá gbé apá síbikíbi tó sì dúró síbẹ̀.

Nígbà míì, apá á dúró jẹ́ẹ́ bó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, àmọ́ bí ẹ bá gbé e nàró, ó ń yẹ̀ sápá kan. Kì í ṣe apá ló wúwo nígbà yẹn. Ìdí pùròpẹ́là níbi tí ọ̀pá ń gbà wọlé ni. Ẹ fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń wálẹ̀.

Báwo ni etí rẹ̀ ṣe yẹ kó mú tó?

Etí iwájú, èyí tó kọ́kọ́ ń la omi, gbọ́dọ̀ mú gan-an lára ọkọ̀ tí pùròpẹ́là rẹ̀ ń sá lójú omi. Nígbà tí apá kọ̀ọ̀kan bá ń yí, ó ń jáde sínú afẹ́fẹ́, ó sì tún ń já lu omi. Bí etí bá nípọn, ńṣe ló ń gbá omi dípò kó là á.

Ẹ di pùròpẹ́là mú dáadáa láàárín igi méjì nínú fáìsì. Ẹ̀yìn apá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀, náà ni ẹ máa ti pọ́n ọn, kí ẹ sì jẹ́ kí fáìlì dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti àárín apá wá sí etí, kó má jẹ́ pé ẹ kàn gé igun kan sétí rẹ̀. Ẹ wá gbé e sábẹ́ iná. Etí tó kú máa ń fi ìlà funfun tín-ín-rín hàn láti ìdí dé orí. Tí ìlà yẹn ò bá sí mọ́, ó ti mú. Láti ibẹ̀, sáńpépà 320, 400 àti 600, pẹ̀lú omi. Àwọn kan á fi Brasso kun un títí á fi máa dán gbinrin. Ó rẹwà, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, 600 ti tó fún omi. Ẹ ní láti tún un wọ̀n lẹ́yìn pípọ́n, kò sí bí a ṣe lè yẹ ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ láti ìgbà yìí lọ. Pùròpẹ́là tí wọ́n pọ́n dáadáa ń gé ọwọ́ kódà nígbà tí kò yí.

Wọ́n ní ekuru rẹ̀ léwu. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Irin tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ pùròpẹ́là ìje ni bàbà tí wọ́n po irin míì tó ń jẹ́ beryllium mọ́, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100. Ìdá kékeré yẹn ló jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀. Bó bá wà lódindi lọ́wọ́ yín, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ekuru rẹ̀ ni kò dára: tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè dá àrùn tí kì í lọ sílẹ̀, tó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló tó fara hàn. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn.

Torí náà, omi ni ẹ ó máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ bu omi sínú abọ́, kí ẹ máa ri fáìlì àti sáńpépà bọ̀ ọ́, kí irin tó ń bọ́ di ẹrẹ̀ dípò ekuru. Ẹ má fi dírílì tàbí Dremel, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń lọ nǹkan, lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ tábìlì náà. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ di aṣọ náà sínú náílọ́nù kí ẹ tó jù ú nù. Ẹ lo ìbòmú tó ń dá ekuru dúró gidi, N95 ó kéré tán. Aṣọ lásán tí a fi bo imú kò ṣiṣẹ́ kankan níbí. Ẹ má ṣe é nínú ilé ìdáná, ẹ má ṣe é níbi tí ọmọdé wà, ẹ má sì po aṣọ tí ẹ wọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ti àwọn ará ilé nígbà ìfọṣọ.

Bí ẹ ò bá lè ṣe gbogbo èyí, ẹ ra ti alumíníọ̀mù tàbí ti irin tí kì í dípẹtà. Ìje kan kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ṣé mo lè gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó bá mi fi iná ṣe é?

Rárá. Iná ni wọ́n fi ń mú irin yẹn le nílé iṣẹ́, ní ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń ṣọ́. Iná ẹwìrì lè mú líle náà kúrò, kí apá máa tẹ̀ lójú omi. Èéfín rẹ̀ náà kò sì dára fún alágbẹ̀dẹ.

Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti pọ́n ọn. Kí ló kù tí mo lè gé tàbí tí mo lè tẹ̀?

Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé pùròpẹ́là tó ń sá lójú omi kì í ti ọkọ̀ síwájú nìkan, ó tún ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Tí ó bá gbé ìdí jù, imú ọkọ̀ á dorí kodò sínú omi. Tí kò bá gbé e tó, imú á máa fò, afẹ́fẹ́ á sì lè yí ọkọ̀ dànù.

Bí imú bá ń wọlẹ̀ tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ẹ gé ahọ́n rẹ̀. Ahọ́n ni irin tó yọ síwájú ní ìsàlẹ̀ etí iwájú, nítòsí ìdí pùròpẹ́là. Gígé e ń dín gbígbé ìdí kù, ó sì ń dín ẹrù kù láìfọwọ́ kan fífẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ́ńjìnnì á simi lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi máàkì fa ìlà sí apá méjèèjì láti ara páálí kan náà kí ẹ tó gé e.

Ìkejì ni kí ẹ gé etí ẹ̀yìn wọlé díẹ̀, ìyẹn etí tí omi ń gbà kúrò lára apá. Òun náà ń dín gbígbé kù, ó sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí kíá sí i. Mílímítà kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Irin tí wọ́n bá gé kúrò kò ṣeé dá padà.

Ìkẹta lòdì sí méjì yẹn. Ẹ ó tẹ etí ẹ̀yìn díẹ̀ síhà ojú tó ń ti omi, kó dà bíi pé apá fẹ́ bu omi. Èyí ń jẹ́ kí pùròpẹ́là di omi mú nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà, ó sì ń fi kún pitch. Àmọ́ ó ń fi kún ẹrù náà. Igi líle tí ẹ gbẹ́ kòtò kékeré sí àti òlù kékeré lẹ ó lò. Pláyà máa ń fi eyín sí i lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tán síbẹ̀, torí irin tí wọ́n yọ́ dà tí wọ́n bá tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn máa ń sán.

Ọkọ̀ mi máa ń pariwo lójijì, eré á já, omi á sì dà bíi pé ó ń hó nídìí rẹ̀. Kí nìyẹn?

Nǹkan méjì ló lè fà á, wọ́n sì máa ń pè wọ́n ní orúkọ kan náà. Èkíní ni afẹ́fẹ́ tó gba ojú omi wọlé sábẹ́ apá. Lọ́dọ̀ wa èyí ló wọ́pọ̀ jù, àgàgà bí pùròpẹ́là bá ga jù, bí etí bá kú, tàbí bí apá bá kéré fún agbára ẹ́ńjìnnì. Ẹ rọ ọ̀pá wálẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó ronú àtigé ohunkóhun: bí ọkọ̀ bá ń sá, ojú omi yẹ kó gba àárín ìdí pùròpẹ́là kọjá.

Ìkejì ni cavitation, nígbà tí apá fa omi débi pé ó di ìhó oru kéékèèké láìsí iná, tí àwọn ìhó yẹn sì ń fọ́ lójijì. Charles Parsons, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá a pàdé lára ọkọ̀ rẹ̀ Turbinia tó kọ́ ní 1894. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, pùròpẹ́là kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ fi sí i ń yí fòò, ọkọ̀ náà ò sì sá bó ṣe rò. Ó kọ́ táǹkì omi kékeré kan kó lè fojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì wá pín iṣẹ́ náà sórí ọ̀pá mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pùròpẹ́là mẹ́ta. Ní 1897, níbi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń yan fún ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún Ọbabìnrin Victoria lórí oyè, Turbinia já wọ àárín wọn, kò sì sí ọkọ̀ ọba tó lè bá a. Agbára ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó. Wọ́n ní láti tún ohun tó ń ti omi náà ṣe.

Ọkọ̀ mi ń fà sọ́tùn-ún láìjẹ́ pé mo yí i.

Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ rí i pé òkè pùròpẹ́là ń yí lọ sósì, apá tó wà nísàlẹ̀ nínú omi ń gbá omi lọ sọ́tùn-ún, ìdí ọkọ̀ á sún sósì, imú á sì lọ sọ́tùn-ún. Ara ọkọ̀ náà á máa tẹ̀ sọ́tùn-ún. Gígé ahọ́n ń dín in kù, sísún bátìrì díẹ̀ sósì náà ń ràn án lọ́wọ́. Kì í tán pátápátá lára ọkọ̀ oní-pùròpẹ́là kan.

Ti oníke tó bá ọkọ̀ wá ńkọ́?

Ẹ fá ìlà ike tó ṣẹ́kù létí rẹ̀, ẹ pọ́n ọn díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí eré bá ti pọ̀, ike ń tẹ̀, pitch rẹ̀ á sì máa yí padà lójú omi. Ó dára láti fi kọ́ ọwọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí mo ṣe wúlò?

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì kan náà tó kún dọ́gba, omi kan náà, àkókò kan náà lójú omi, GPS kékeré nínú ọkọ̀ láti ka eré. Bí ọkọ̀ bá dé èbúté, ẹ wọn ooru ẹ́ńjìnnì, ESC àti bátìrì lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru iwájú orí èèyàn nígbà Kòrónà kò lè ṣe é, ooru ara nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ti àwọn oníṣẹ́ iná ni kí ẹ wá. Bí eré bá lé díẹ̀ tí ooru kò lé, iṣẹ́ yín dára. Bí eré bá lé pẹ̀lú kìlómítà méjì, tí ẹ́ńjìnnì wá gbóná débi pé ọwọ́ ò lè dúró lára rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ẹ má ṣe dán ẹ́ńjìnnì wò lórí tábìlì pẹ̀lú pùròpẹ́là nídìí rẹ̀. Ẹ yọ bátìrì kí ọwọ́ tó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, nígbà gbogbo.

Ṣé ó yẹ kí pùròpẹ́là fara kan irin tó gbé ọ̀pá ró?

Kò yẹ, bí ọ̀pá yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà hun. Wáyà náà ń kúrú nígbà tí agbára bá dé bá a, á sì fa pùròpẹ́là síwájú. Ẹ fi àlàfo bíi 5 tàbí 6 mm sílẹ̀.

Ó gba òkúta tàbí náílọ́nù piọ́ wọ́tà. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Ẹni tó ń sá ọkọ̀ nínú ọ̀sà Èkó mọ náílọ́nù yẹn dáadáa. Bó bá wé mọ́ ìdí ọ̀pá, ẹ má tẹ rìmóòtù sí i pé kó lè já. ESC ló máa jó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ léfòó wá, tàbí kí ẹ wá nǹkan fà á.

Tí òkúta bá ṣẹ́ etí díẹ̀, ẹ fá ibi tó ṣẹ́ náà, ẹ fá apá kejì kó bá a dọ́gba, ẹ sì wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá rí ìlà sísán nítòsí ìdí apá, ẹ má tún un lò mọ́, bó ti wù kó wọ́n tó. Apá tó bá fò kúrò ní irú eré yẹn lè ba èèyàn. Omi ọ̀sà tún ní iyọ̀ nínú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ìdí ọkọ̀ kí ẹ tó lọ sílé, kí ẹ fi gírísì sí ọ̀pá rẹ̀.

Ọkọ̀ tèmi kì í ṣe ti ìje, táàgì tó ń fa ọkọ̀ ńlá ni mo fara wé.

Ẹ fi ọ̀pọ̀ ohun tó wà lókè yìí sílẹ̀ nígbà náà, yàtọ̀ sí wíwọn kó dọ́gba. Táàgì ń fẹ́ pùròpẹ́là tó fẹ̀, tí pitch rẹ̀ kéré, tó wà nínú omi pátápátá, tí etí rẹ̀ sì ṣe róbótó níwájú dípò kó mú. Bí ẹ bá fẹ́ kó fa nǹkan tó wúwo, ẹ fi òrùka Kort yí i ká, irú èyí tí Ludwig Kort ti Jámánì gbé jáde láàárín ọdún 1930 sí 1939, kí àlàfo tó wà láàárín orí apá àti òrùka náà kéré bó bá ṣe lè kéré tó, láìjẹ́ pé ó fara kàn án.